Òṣòó Tí Mo Ló ní Èkó

Inú àpótí aṣọ ìyá mi ní Ìsọ̀kùn, ní Iléṣà, ni mo ti rí ìwé náà, ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí mo kó ẹrù mi dé láti Èkó ní 2022. Aṣọ òkè tí mo fẹ́ wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó kan ni mo ń wá. Ìwé gbọọrọ ni, irú èyí tí àwọn oníṣòwò àtijọ́ ń kọ ọjà sí, ẹ̀yìn rẹ̀ pupa, ikán ti jẹ igun kan lára rẹ̀. Mo ṣí i. Orúkọ èèyàn, orúkọ ìlú, irú aṣọ, iye owó, àti ìlà tí wọ́n fà lé orí ẹni tó bá ti san tán. Ọ̀wọ̀. Ìkàrẹ́. Ọ̀kà. Kàbà. Ojú ewé àkọ́kọ́ jẹ́ ti 1947, ti ìkẹyìn jẹ́ ti 1953, gbogbo rẹ̀ ní pọ́n-ùn àti ṣílè. Ìyá mi yọjú láti ilé ìdáná, wọ́n rí ohun tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ìwé àwìn bàbá mi nìyẹn. Rọra ṣí i o."

Òṣómàáló ni bàbá ìyá mi. Ọmọ Iléṣà ò nílò kí n ṣàlàyé ìyẹn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn ará ibòmíràn wà nínú ẹ̀yin tó ń kà mí. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ kiri ìlú onílùú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, pàápàá ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún tó kọjá. Wọ́n á ta aṣọ láwìn, wọ́n á sì máa padà wá gba owó náà díẹ̀díẹ̀. Bí onígbèsè bá ní kò sí, oníṣòwò á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò ní gba àga, kò ní gba ẹní. "Òṣòó ni màá ló títí n ó fi gbowó mi." Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti jáde. Owó òṣòó yẹn ló kọ́ ọ̀pọ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ ń rí láàárín ìlú wa, òun náà ló rán ọ̀pọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà lọ sílé ìwé.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi bàbá yìí gún mi ní kẹ́ṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ bá mi lórí ẹní: "Ọmọ ọmọ Òṣómàáló kì í sùn báyìí." Bí mo bá ṣe ipò kejì ní kíláàsì: "Bàbá rẹ àgbà fẹsẹ̀ rìn láti ibí dé Kàbà." Mo gbà á gbọ́. Mo gbà pé ogún tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa nìyẹn, pé ẹni tó bá máa ní láárí nínú ìdílé wa kì í sinmi.

Mo ka ìmọ̀ ìṣirò owó ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní Ifẹ̀ tó múlé gbè wá yìí. Mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, ilé-iṣẹ́ ọ́dítọ̀ kan ní Victoria Island gbà mí, mo sì lo ọdún méje níbẹ̀. Ìdánwò ICAN, èyí tó ń sọ èèyàn di akáúńtáǹtì tó gbàwé ẹ̀rí, inú bọ́ọ̀sì láti Kẹ́tu ni mo ti ń kàwé rẹ̀, ìwé lórí itan, báàgì láàárín ẹsẹ̀, títí mo fi yege.

Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà gidi gan-an, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ibi ni mo ń sọ nípa rẹ̀. Mo rántí òru kan tí ìwé báǹkì oníbàárà wa kan àti ìwé tiwọn fi mílíọ̀nù méjì náírà àti díẹ̀ yàtọ̀ síra. Aago kan òru kọjá. Gbogbo wa ti yẹ̀ ẹ́ títí, kò jáde. Èmi ni mo wá rí i pé rìsíìtì kan ni wọ́n kọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nínú oṣù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nígbà tí ìṣirò náà ṣe rẹ́gí, mo dìde, mo jó. Ọdẹ tó tọpa ẹran títí ilẹ̀ fi mọ́ nìkan ló lè mọ bó ṣe ń rí lára.

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí lè má mọ ohun tí òpin ọdún jẹ́ fún wa. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń pa ìwé ọdún dé ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ. Àwọn tí wọ́n bá sì ń ta ìpín ìdókòwò wọn lórí ọjà Nigerian Exchange, ọjọ́ 90 péré ni wọ́n ní láti gbé ìwé owó tí ọ́dítọ̀ ti yẹ̀ wò jáde. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún títí dé òpin oṣù Ẹrẹ́nà, Sátidé ò yàtọ̀ sí Mọ́ńdè. Kódà wákàtí tí ọdún ń yí pàápàá, iṣẹ́ ni. Ọjà tó bá wà ní ilé ìkẹ́rùsí lọ́jọ́ ìkẹyìn ọdún, a gbọ́dọ̀ fi ojú ara wa rí i bí wọ́n ṣe ń kà á.

Ìparí ọdún 2019 bá mi ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ọ̀tà, àpò ìyẹ̀fun tò dé òrùlé, èmi àti ọmọkùnrin kan pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì àti bébà. Ìyá mi pè mí láti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ń gbọ́ ìlù àti àtẹ́wọ́ lẹ́yìn wọn. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, mo ń ka àpò lọ́wọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n ṣì í kà." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Kú ọdún o, ọmọ mi," wọ́n sì pa fóònù. Mo ṣì í kà lóòótọ́. A bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlà kìn-ín-ní.

Tí ẹ bá bi mí nígbà yẹn pé kí ló dé tí mo ń ṣiṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀, màá ní owó ni. Gbogbo wa là ń sọ bẹ́ẹ̀. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìdí mìíràn wà tí a kì í dárúkọ. Iná mànàmáná wà ní ọ́fíìsì, kò sí nílé. Bí mo bá kúrò ní aago márùn-ún, orí Afárá Third Mainland ni màá wà títí di aago méje ààbọ̀, nítorí náà èèyàn á kúkú jókòó, á máa ṣiṣẹ́ títí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ á fi rọlẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa sì ń jápa. Ẹni tó bá lọ sí Kánádà lónìí, àárín àwa tó kù ni wọ́n á pín iṣẹ́ rẹ̀ sí lọ́la, wọn kì í sì í pín owó oṣù rẹ̀ mọ́ ọn.

Èyí tó jinlẹ̀ jù nínú àwọn ìdí yẹn, ọjọ́ Túsìdeè kan nínú oṣù Òkúdù ni mo rí i. Kò sí iṣẹ́ kánjúkánjú nílẹ̀ lásìkò yẹn. Ní aago mẹ́fà, mo ti parí tèmi. Mo wò yíká, àwa méje la wà ní yàrá náà, mo sì mọ̀ dájú pé ó kéré tán àwa márùn-ún ti parí. Kò sẹ́ni tó dìde. Ọ̀kan ń ka ojú ewé kan náà láti ìgbà tí mo ti ń wò ó. Òmíràn ń yí àwọ̀ ìlà padà lórí kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá wa wà nínú yàrá tiwọn, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Aago mẹ́sàn-án ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n gbé báàgì wọn, wọ́n kí wa pé ó dàárọ̀. Kí ó tó di aago mẹ́sàn-án, yàrá náà ti ṣófo. Wákàtí méjì àti ogójì ìṣẹ́jú, lọ́nà méje. Kò sí ẹni tó ní kí á dúró. Ojú ló ń ti olúkúlùkù láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa dìde, nítorí oṣù kejì sí i ni wọ́n máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìgbéga.

Wọ́n sì gbé mi ga. Ọdún 2021, mo di máníjà, wọ́n fún wa ní kéèkì, ìyá mi dá ọpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Owó oṣù mi kúrò ní ₦310,000, ó di ₦385,000. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, níbi tí ọkọ̀ ti há wa mọ́ orí afárá, ni mo wá ṣe ìṣirò kan tí mi ò ṣe rí. Ṣáájú ìgbéga, wákàtí 52 ni mo ń lò ní ọ́fíìsì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú 16 lójú ọ̀nà: 68. Lẹ́yìn ìgbéga, wákàtí ọ́fíìsì di 72, ojú ọ̀nà ṣì jẹ́ 16: 88. Mo fi ọ̀sẹ̀ 52 sọ ọ́ di pípọ̀, mo fi oṣù 12 pín in. Ṣáájú, wákàtí mi kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bí ₦1,052 wá. Lẹ́yìn rẹ̀, ₦1,010. Ìgbéga tí ìyá mi dá ọpẹ́ lé lórí ti yọ ₦42 kúrò lára wákàtí mi kọ̀ọ̀kan. Èmi tó jẹ́ pé iṣẹ́ mi ni láti yẹ ìwé owó àwọn ẹlòmíràn wò, ọdún mẹ́fà kọjá kí n tó yẹ tèmi.

Ìdí nìyẹn tí ìwé pupa yẹn kò fi kúrò lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo gbàgbé aṣọ òkè, mo jókòó sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò bí mo ṣe ń yẹ ti ilé-iṣẹ́. Ọ́dítọ̀ kì í tẹ ojú mọ́ ohun tó wà nínú ìwé nìkan, ohun tó yẹ kó wà tí kò sí ló máa ń wá jù. Nígbà tí mo dé ọdún kẹta, mo ti rí i. Lọ́dọọdún, láti àárín oṣù Ọ̀pẹ títí wọ òpin oṣù Ṣẹ́rẹ́, kò sí àkọsílẹ̀ kankan. Kò sí títà, kò sí gbígbà, kò sí orúkọ ìlú. Mo ka ọjọ́ tó wà láàárín: 43 ní ọdún kan, 51 ní òmíràn. Ní àkókò Àjíǹde, ọ̀sẹ̀ méjì tún wà bẹ́ẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú ewé ló já. Mo ka ojú ewé, wọ́n pé.

Mo pe ìyá mi. "Mọ́mì, níbo ni bàbá wà ní àwọn àkókò yìí?"

Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo bi wọ́n pé níbo ni oòrùn ti ń yọ. "Ilé ni. Ibo ni wọn ì bá wà? Wọ́n ń tún òrùlé ṣe, wọ́n ń parí ìjà ẹbí, wọ́n ń jẹ iyán. Wọn kì í jẹ́ kí á dárúkọ onígbèsè kankan nínú ilé títí wọ́n á fi padà lọ. Wọ́n ní ẹni tó jẹ wọ́n lówó á ṣì wà níbẹ̀ bí wọ́n bá dé."

Ọkùnrin tí wọ́n fi àìsùn rẹ̀ tọ́ mi dàgbà, ó máa ń jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méje lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi. Ìrìn Kàbà nìkan ni wọ́n rí sọ. Òṣòó tí bàbá mi àgbà ló, owó tó ti di tiwọn ni wọ́n fi ń gbà, àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà níwájú wọn, wọ́n mọ iye rẹ̀, wọ́n sì mọ ọjọ́ tí yóò tán. Èmi lóṣòó ní Èkó fún ọdún méje nítorí ìlérí tí kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo wá ń ka ohun táwọn onímọ̀ ti sọ, kí n lè mọ̀ bóyá èmi nìkan ni. Obìnrin kan, Claudia Goldin, gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2023. Ohun kan tó fi yé mi ni pé àwọn iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ olójúkòkòrò: bí èèyàn bá ṣe fún wọn ní wákàtí tó, tó sì ṣe tán láti wá nígbàkúùgbà tí wọ́n bá pè é, ni owó rẹ̀ á ṣe máa fò sókè. Tọkọtaya tó bá ti bímọ, ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn ló sábà máa ń lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kejì á mú èyí tó láàyè, obìnrin ló sì máa ń jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Lọ́dọ̀ tiwa, òdì kejì ni. Tíṣà ni ọkọ mi. Òun ló ń gbé ọmọ wa lọ sílé ìwé, tó ń gbé e bọ̀, tó ń di irun rẹ̀. Ẹ ò lè mọ iye ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin yẹn gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn nítorí irun dídì. Èmi kò gbọ́ ẹyọ kan, mi ò sí nílé.

Àwọn mẹ́ta kan ní Amẹ́ríkà tún ṣe ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1996, lórí àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò. Wọ́n rí i pé àwọn ọ̀gá ń wo wákàtí láti fi mọ ẹni tí wọ́n máa sọ di alájọni iṣẹ́, ìdí sì nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń ṣiṣẹ́ ju bí ọkàn wọn ṣe fẹ́ lọ. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n pé ṣé kí á fi owó kún un ni tàbí kí á dín wákàtí kù, púpọ̀ nínú wọn mú wákàtí. Nígbà tí mo kà á, yàrá ọjọ́ Túsìdeè yẹn ni mo rí, àwa méje tí a ń ṣọ́ ara wa.

Òfin ńkọ́? Mo wá a. Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa, tó ti wà láti 1974, sọ ní abala 13 pé òṣìṣẹ́ tó bá ń ṣe wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ rí ó kéré tán wákàtí kan fi sinmi, kí ó sì ní ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ méje. Inú mi dùn. Mo ṣí i dé abala 91, níbi tí wọ́n ti túmọ̀ ẹni tí òfin náà ń pè ní òṣìṣẹ́. Wọ́n yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àkóso, iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ amọṣẹ́dunjú kúrò. Èmi nìyẹn. Ọ́dítọ̀ ni, agbẹjọ́rò ni, máníjà báǹkì ni: ohun tó bá wà nínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ ló dáàbò bò ọ́. Tèmi sọ iye owó dé orí kọ́bọ̀. Ní ti wákàtí, gbólóhùn kan ló wà níbẹ̀: bí iṣẹ́ bá ṣe gbà. Mo fọwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀ ní ọmọ ọdún 24.

Ní 2021 kan náà tí mo di máníjà ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé jọ gbé ìwádìí kan jáde, pé ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ẹlòmíràn lọ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀, bí a bá fi wé ẹni tó ń ṣe 35 sí 40. Nínú ẹgbẹ́ wa ní ọ́fíìsì, ẹni tí kò tíì pé ọdún 35 ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. A máa ń rán an létí láti lò ó, lẹ́yìn náà a ó gbé fáìlì fún un.

Mo kúrò. Ilé ìwòsàn aládàáni kan níhìn-ín gbà mí láti máa bójú tó ìwé owó wọn, ọkọ mi náà rí iṣẹ́ tíṣà. ₦190,000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ fún mi, fún wákàtí 45 lọ́sẹ̀ pẹ̀lú ìrìnnà. Ẹ bá mi ṣe é: nǹkan bí ₦974 fún wákàtí kan. Owó oṣù mi dín ní ìdajì, wákàtí mi fi ₦36 péré dín.

Ṣùgbọ́n wákàtí kọ́ ni wọ́n ń gbà ní ṣọ́ọ̀bù. Owó oṣù ni. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo bẹntiróòlù ní 2023, tí gbogbo nǹkan fò sókè, òru wà tí mo jókòó tí mo ń bi ara mi bóyá mo ti fi ọjọ́ iwájú ọmọ mi tọrẹ. A ta ọkọ̀ wa. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó dúró ti ń ra ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi tímọ́tímọ́ ṣì wà níbẹ̀. Àbúrò mẹ́ta ló ń rán nílé ìwé, bàbá wọn ti kú. Bí mo bá sọ fún un pé kó wá sinmi, ìkà ni mo ṣe.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí n jẹ́wọ́. Ní 2024 tí owó kòkó di góòlù, àwọn tó ń ra kòkó láàárín wa níbí bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi kí n bá wọn tún ìwé ṣe. Ẹnì kan di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́sàn-án. Owó náà dùn. Kí n tó mọ̀, aago méjìlá òru ti ń bá mi lórí tábìlì ní Iléṣà tí kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ kankan, tí kò sí ọ̀gá tí mo ń dúró dè. Ọmọ mi dé ẹnu ilẹ̀kùn pẹ̀lú aṣọ ìsùn rẹ̀, ó wò mí, kò sọ ohunkóhun, ó padà sùn. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó mọ̀ pé kò yẹ kóun dí mi lọ́wọ́, èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta.

Ní ọjọ́ kejì mo ra ìwé gbọọrọ kan ní ọjà Àtàkúmọ̀sà. Mo fa ìlà sí i: orúkọ oníbàárà, iye owó, iye wákàtí. Ẹni tó bá fẹ́ kí n ṣiṣẹ́ fún òun, a jọ máa kọ méjèèjì sílẹ̀ kí n tó bẹ̀rẹ̀. Mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án náà lọ wá ẹlòmíràn. Mẹ́fà dúró. Láti ọjọ́ 18 oṣù Ọ̀pẹ títí di òpin oṣù Ṣẹ́rẹ́, mo fi pẹ́ńsù fa ìlà kan gọọrọ, mo kọ "ilé" sí i.

Ọ̀gá mi àtijọ́ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọn ò ní èèyàn tó, wọ́n ní kí n wá ràn wọ́n lọ́wọ́ láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé Ẹrẹ́nà. Iye owó tí wọ́n dá, mi ò rí irú rẹ̀ rí nínú oṣù mẹ́ta. Ọkàn mi fò sókè, mi ò ní purọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, wákàtí mélòó lọ́sẹ̀?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé mi ò mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí ni.

Mo ní mo mọ̀ ọ́n. Mo tún bi wọ́n.

Wọ́n ní àwọn á pè mí padà. Wọn ò tíì pè.